Kí ni "Trunk A" tí kánsẹ́lọ̀ ń sọ?

Ẹnì kan béèrè pé: "Ọ̀nà tó kọjá níwájú ilé wa ti di kòtò tán. A lọ bá kánsẹ́lọ̀, ó ní òun ò lè fọwọ́ kàn án, pé Trunk A ni. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé nítorí pé ó jẹ́ márosẹ̀ ni?"

Ẹ kú ìbéèrè o. Kánsẹ́lọ̀ yín ò purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn yẹn ti dùn lẹ́nu wọn jù. Trunk A ni ọ̀nà ìjọba àpapọ̀. Trunk B jẹ́ ti ìpínlẹ̀, Trunk C jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ tún lè gbọ́ Trunk F: ọ̀nà ìpínlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, tí ìjọba àpapọ̀ gbà pé òun fẹ́ sọ di ọ̀nà ńlá. Lẹ́tà yẹn ń sọ àpò ẹni tí owó àtúnṣe yóò ti jáde.

Ọ̀rọ̀ márosẹ̀ yàtọ̀. Ìrísí ọ̀nà la fi ń pè é ní márosẹ̀, títì ńlá tí àlọ àti àbọ̀ ò pàdé. Márosẹ̀ gidi ni ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, síbẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó ló ni ín, láyé Jakande ni wọ́n ti là á. Ẹ wá wo àwọn Trunk A mìíràn tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ akẹ́rù méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan tẹ koríko. Ti Àbújá náà ni.

"Trunk" fúnra rẹ̀, ìtí igi ni. Òyìnbó tó ń ṣàkóso wa nígbà náà ló fi ọ̀nà wé igi: olú ọ̀nà ni ìtí, èyí tó yà lára rẹ̀ ni ẹ̀ka. Nígbà tí a ṣì ní Ìwọ̀-Oòrùn gẹ́gẹ́ bí ẹkùn, ìjọba ẹkùn ló ni B. Kí gbogbo èyí tó dé, ìlú ló ń yẹ ọ̀nà. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ ibi tirẹ̀, wọn á kó ọkọ́ àti àdá jáde, wọn á ro ó dé ààlà, ìlú kejì á pàdé wọn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè lẹ́tà.

Ohun tó dùn mọ́ èmi jù nínú ètò yìí ni nọ́ńbà. Olú ọ̀nà mẹ́rin ló ti apá òkun lọ sókè Ọya, A1 títí dé A4, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. A1 ni tiwa: ó gbéra ní Èkó, ó gba Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, ó dá odò Ọya kọjá ní Jẹ́bà, ó forí lé Sókótó. (Láàárín Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ yìí náà ni wọ́n ti ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní 1906.) A2 gba Bìní àti Lọ́kọ́ja lọ sí Kàdúná àti Kánò. Àwọn ọ̀nà tó dábùú ń jẹ́ òǹkà mẹ́ta, méjì àkọ́kọ́ sì ń sọ àwọn olú ọ̀nà tí wọ́n so pọ̀. A121 ni èkíní láàárín A1 àti A2: Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀, Bìní. A122 ni èkejì: Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, òun náà já sí Bìní. Bí ẹ bá rí A232 lórí máàpù fóònù yín, ẹ ti mọ̀ láìbéèrè pé A2 àti A3 ló so pọ̀: Bìní, Onitsha, Enugu. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ń jẹ́ E1 ní tirẹ̀.

Nínú òfin, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọ̀nà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde pé ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sí abẹ́ àṣẹ Àbújá nìkan. Nínú nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ọ̀nà tó wà ní Nàìjíríà, bíi 35,000 ni irú èyí. Ìjọba ìbílẹ̀, tí àpò rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, ni ìdá méjì nínú mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó pín in báyìí mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ má sì rò pé títì tí wọ́n da ọ̀dà sí nìkan ni ìjọba àpapọ̀ ni. Láti àárín títì, 45.72 mítà ní apá ọ̀tún àti bẹ́ẹ̀ náà ní apá òsì, ìyẹn 150 ẹsẹ̀ bàtà, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àmì X tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọ ọ́ sára ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan rí. Ó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́, ó ti san owó fún ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó fi téèpù wọ̀n ọ́n fún un láti àárín ọ̀nà kó tó mọlé. Ẹ̀yin tí ilé yín kọjú sí Trunk A, ẹ wọ̀n ọ́n lónìí.

Gómìnà mìíràn máa ń tún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe, á sì kọ̀wé sí Àbújá pé kí wọ́n dá owó òun padà. Wọ́n tún lè fa ọ̀nà lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, bí ìjọba àpapọ̀ ṣe gbà ní 2017 kí Èkó gba ọ̀nà Oṣòdì sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed.

Tiyín ńkọ́? FERMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ló ń bójú tó àtúnṣe Trunk A. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún iṣẹ́ òde sì ní ọ̀gá ní olú ìlú ìpínlẹ̀ yín, Controller ni wọ́n ń pè é. Ẹ ya fọ́tò kòtò náà, ẹ kọ orúkọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣojú yín ní Àbújá. Kánsẹ́lọ̀ yín náà lè bá yín fọwọ́ sí ìwé náà. Ìyẹn ò ju agbára rẹ̀ lọ.