Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Tíṣà: Ẹ Wo Ìrù Ọ̀rọ̀ Òyìnbó, Kẹ́ ẹ Tún Wo Ibi Tó Dúró Sí

*Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni mò ń tà lọ́jà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní JSS 2, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú «My uncles fish at night» pé kí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, ó kọ verb, tíṣà ẹ̀ fagi lé e, ó ní fish ṣáà ni ẹja, náwùn ni. Ẹkún ló sun wálé. Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? (Ìyá kan, Ẹ̀pẹ́)*

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ọmọ yín ló jàre, ẹ bá mi fà á mọ́ra gan-an.

Ibi tí tíṣà yẹn ti ṣì í, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í, torí láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé náwùn ni orúkọ èèyàn, ẹranko, ibì kan tàbí nǹkan, a há a sórí, látìgbà yẹn ojú ọ̀rọ̀ la máa ń wò ká tó sọ irú èyí tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ṣeé fojú lásán mọ̀. Ibi tó dúró sí àti àwọn tó dúró tì í lẹ máa wò. Ẹ yọ fish kúrò nínú gbólóhùn yẹn, ó ku «My uncles at night», àwọn àbúrò bàbá mi lálẹ́, kí wá ni wọ́n ṣe lálẹ́? Gbólóhùn ti kú nìyẹn, torí ọ̀rọ̀-ìṣe ẹ̀, ìyẹn verb, lẹ yọ. Ẹ tún gbé e lọ sí àná, á di «My uncles fished last night», ó gba -ed wẹ́rẹ́. Àmọ́ nínú «The fish is fresh», the ló wà níwájú ẹ̀, is ló tẹ̀ lé e, náwùn pọ́ńbélé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o, àyè tó jókòó sí ló yàtọ̀.

Èdè wa gan-an ló ń jẹ́ kó ṣòro fún wa. Ní Yorùbá, ẹja nìkan ò lè di ọ̀rọ̀-ìṣe, àfi ká fi pa tì í: wọ́n ń pẹja. Tá a bá wá fẹ́ pe ẹni tó ń ṣe é, iwájú la ti máa lẹ nǹkan mọ́ ọn, ó di apẹja. Kọ ìwé, ó di akọ̀wé, ṣe iṣẹ́, òṣìṣẹ́, iwájú ni gbogbo ẹ̀, a ò lẹ nǹkan mọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwájú, àmọ́ èyí tó máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ di òmíì, ìdí ló sábà máa ń wà. Ẹ mú fish, ẹ lẹ -er mọ́ ọn, ó di fisher, ẹni tó ń pẹja. -ery, ó di fishery, iṣẹ́ ẹja pípa tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. -y, ó di fishy, ọ̀rọ̀-àpèjúwe, tí wọ́n tún máa ń lò fún ọ̀rọ̀ tó bá ń rùn sí wọn, tí wọ́n fura sí. Ìwọ̀nba ló ń ti iwájú yí padà, bí enlarge àti enrich. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ pé kí wọ́n wo orí ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí wọ́n wo ìrù ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìrù náà a máa tanni ṣá o. Ẹ̀ẹ́ rí -ly lára quickly, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni, ẹ̀ẹ́ tún rí i lára friendly, ọ̀rọ̀-àpèjúwe nìyẹn. Ẹ dẹ̀ má lọ bá tíṣà yẹn jà nítorí Ọlọ́run, kí ọmọ yín fọ̀wọ̀ mú ìwé ẹ̀ lọ, kó kọ èyí tó ní fished sábẹ́ ti tẹ́lẹ̀, kó bi wọ́n pé ṣé náwùn lè gba -ed báyìí. Tíṣà tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀ máa yí i sí màkì.

*Ẹ̀gbọ́n, kápẹ́ńtà ni mí n'Íkòròdú. Mo kọ «We sell all kinds of furnitures» sí sáìnbọ́ọ̀dù mi, kọ́sítọ́mà kan ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí ló burú níbẹ̀?*

Àbúrò, s ìparí yẹn nìkan ni, ẹ ní kí ẹni tó kọ ọ́ bá yín kùn ún pa, kò tún nílò bọ́ọ̀dù tuntun. Àwọn Òyìnbó ò ka furniture ní méjì mẹ́ta, bíi iyanrìn ni wọ́n ṣe mú un, two pieces of furniture ni wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni equipment, luggage, information àti advice. Chairs àti tables ní tiwọn ń gba s dáadáa.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín ẹni yẹn dùn yín o. Lọ́dún 1958 ni Jean Berko, ará Amẹ́ríkà, ya ẹ̀dá kan tí ò sí láyé, ó pè é ní wug, ó ya méjì, ó wá ní káwọn ọmọdé parí ọ̀rọ̀ òun, ọ̀pọ̀ wọn sì ní wugs, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbọ́ ọ rí. Òfin ti wọ̀ wọ́n lára. Òfin yẹn náà lẹ̀yin tẹ̀ lé, furniture ni ò tẹ̀ lé e.

*Ẹ káàsán sà. Kí ló dé tó jẹ́ impossible, illegal, irregular, tí gbogbo ẹ̀ ò kúkú jẹ́ in-? Ṣé inflammable wá túmọ̀ sí ohun tí ò lè gbaná ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbádárìgì)*

In- kan náà ni gbogbo wọn, èyí tó túmọ̀ sí «kì í ṣe». Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ sáré pe «inpossible», ètè yín á ti pàdé de p kẹ́ ẹ tó pe n tán, ó ti di m lẹ́nu yín nìyẹn. Tó bá kan l, ó di il-, tó bá kan r, ó di ir-. Àwa náà ń ṣe é lójoojúmọ́ lọ́jà: oní àti iṣu, oníṣu, àmọ́ oní àti ata, aláta, oní àti epo, elépo, oní àti ẹja, ẹlẹ́ja, oní àti owó, olówó. Oní kan ṣoṣo ló wọ gbogbo aṣọ yẹn! Un- ní tiẹ̀ kì í yí padà, unpopular, unlawful, unreal, torí ti Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn látilẹ̀, èdè Látìn ni in- ti wọlé.

Inflammable wá ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ó lè pààyàn. In- tibẹ̀ kì í ṣe ti àìrí bẹ́ẹ̀ rárá, in- mìíì ni, tó túmọ̀ sí «sínú». Inflame ló kọ́kọ́ wà, ìyẹn kéèyàn dáná sí nǹkan, kí wọ́n tó lẹ -able mọ́ ìdí ẹ̀, ó wá di ohun tó lè gbaná. Flammable àti inflammable, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní, non-flammable ni èyí tí ò lè gbaná. Tẹ́ ẹ bá rí «Highly Inflammable» lẹ́yìn tánkà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì yẹn, epo tó ń gbaná wàrà ló wà nínú ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má ṣáná sí sìgá nítòsí ibẹ̀ o.