Olówó, gbajúmọ̀, kí ló tún ń wá?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland l'Amẹ́ríkà là ń gbé. Sátidé tó kọjá àwọn ọmọ ń wo fíìmù àtijọ́ kan, èyí tí Robin Williams, òṣèré aláwàdà ará Amẹ́ríkà nì, ti múra bí ìyá àgbà kó lè ráyè wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí. Ni èyí ẹ̀gbọ́n bá wo fóònù, ó ní mọ́mì, ọkùnrin yìí para ẹ̀ o. Dádì wọn ní òmùgọ̀ ni, olówó, gbajúmọ̀, kí ló tún ń wá, pé àìsàn òyìnbó ni dìpréṣàn, Yorùbá ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àmín sí i. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó dìde ó wọ yàrá lọ. Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni kì í jẹun dáadáa mọ́, òru ló máa ń rìn káàkiri ilé, ó sì sọ fún mi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé òun ti di ẹrù sí wa lọ́rùn, pé ara máa tù wá tóun ò bá sí. Mo ní kó lọ gbàdúrà. Àǹtí, ṣé kí n bi í bóyá ó ń ro ikú, àbí èmi ni màá wá fi sí i lọ́kàn? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bi í. Lónìí. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ máa ka èyí tó kù. Ẹni tí ò ronú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní torí ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹ̀, àwọn dókítà ti wádìí ìyẹn dáadáa, ẹni tó sì ń rò ó, ara máa ń tù ú pé ẹnì kan bi òun. Ẹ pè é sẹ́yìn, ẹ ní, "Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, ṣé ò ń rò ó pé kó o pa ara ẹ?" Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì panu mọ́. Ẹ má sọ pé ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni, ẹ má ka orúkọ Bàbá yín tó ti kú sí i létí. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara ẹ̀ léṣe kúrò nílé, kẹ́ ẹ pe 988, òun ni nọ́ńbà tí Amẹ́ríkà ń lò fún irú ẹ̀ láti July 2022, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Tó bá ti dójú ẹ̀, 911.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ dádì àwọn ọmọ. Kì í ṣe òun nìkan o. Nígbà tí Robin Williams kú ní August 11, 2014, ẹni ọdún 63, olóòtú ìròyìn kan lórí tẹlifíṣàn pè é ní ojo, ó padà wá tọrọ àforíjì. Àwọn kan kọ ìsọkúsọ sí Zelda ọmọ ẹ̀ obìnrin lórí Twitter títí ọmọ yẹn fi kúrò níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá ẹ̀! Àwọn tó tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ náà ń kọ ọ́ pé ó ti gba òmìnira, bí ẹni pé ikú ni wọ́n fi ń bọ́ lẹ́wọ̀n. Ìgbà tí wọ́n yẹ òkú ẹ̀ wò ni wọ́n tó rí i pé àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Lewy body ti ba ọpọlọ ẹ̀ jẹ́ gan-an, ìyàwó ẹ̀ sì kọ ọ́ síwèé àwọn dókítà lọ́dún 2016, bí ẹ̀rù ṣe ń bà á, tí oorun ò kùn ún, tí ò rántí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lórí eré. Kí lowó fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Ẹ wá wo èyí: láàárín oṣù márùn-ún tó tẹ̀ lé ikú ẹ̀, àwọn olùwádìí rí i pé àwọn tó para wọn l'Amẹ́ríkà fi bí ìdá 10 nínú 100 ju iye tí wọ́n ń retí lọ. Gbogbo ariwo yẹn, àwọn kan jókòó sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Bí àbúrò yín ṣe jókòó sí pálọ̀ yẹn nìyẹn. Kì í ṣe Robin Williams ló gbọ́ "òmùgọ̀," Robin Williams ti lọ.

Ti àìsàn òyìnbó yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Àwa tá à ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwa náà la wá ní a ò mọ̀ ọ́n? Lọ́dún 1954 ni Dókítà Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀ l'Aró, l'Abẹ́òkúta, táwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé lábúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí tó ń sè oúnjẹ fún wọn, tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú. Ṣé òyìnbó ló kún abúlé yẹn ni?

Tí dádì wọn bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kó kan ilẹ̀kùn àbúrò yín, kó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn ò dáa, má bínú." Ó máa ṣòro fún un, mo mọ àwọn ọkùnrin wa. Kó ṣáà sọ ọ́.

Àdúrà náà dáa o, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á. Ẹ máa gbà á nínú mọ́tò, tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ rí dókítà.