Fondue elewé mi yà, òróró sì léfòó: kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìbéèrè

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Leeds ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣe fondue, ìyẹn wàràkàṣì yíyọ́ tí a ń fi búrẹ́dì bọ, fún àwọn ará ilé mi. Mo da ewé táìmù àti parsley sí i látìbẹ̀rẹ̀ kí ó lè ta sánsán. Kí n tó gbé e dé orí tábìlì, wàràkàṣì ti ṣù bí rọ́bà sí ìdí ìkòkò, òróró léfòó sókè, ewé sì ti dúdú. Ojú tì mí. Ní ìparí oṣù yìí, tọkọtaya méjì ń bọ̀ wá kí wa, àwa mẹ́fà la ó jọ jẹun. Mùsùlùmí ni tọkọtaya kan nínú wọn, wọn kì í fẹnu kan ọtí. Ṣé kí n ṣe ìkòkò méjì ni? Ṣé mo sì lè fi wàrà tiwa-n-tiwa ṣe é?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń dáná nílùú Fribourg, ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé ní Switzerland, n kò sì tíì rí alásè kan níbí tí ìkòkò fondue ò yà mọ́ lọ́wọ́ rí. Tèmi ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì tí mo débi iṣẹ́. Àlejò pọ̀, mo ń kánjú, mo yí iná sókè, mo wá yíjú síbi búrẹ́dì tí mò ń gé. Ìgbà tí mo fi wẹ̀yìn, wàràkàṣì ti ṣù kalẹ̀ láàárín ìkòkò bí òkèlè ẹ̀bà, òróró sì ti yí i ká. Ọ̀gá mi da gbogbo rẹ̀ nù. Ó ní kí n tún òmíràn ṣe, ó sì dúró tì mí títí mo fi ṣe é tán. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ.

Iná ló bà á jẹ́. Ohun tí a yọ́ ni “fondue” túmọ̀ sí lédè Faransé, yíyọ́ náà la sì ń yọ́ ọ. Bí ó bá hó kùtùkùtù bí omi ẹ̀bà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ wò ó báyìí: inú wàràkàṣì, purotéènì hun mọ́ra bí àwọ̀n, ọ̀rá há sínú ihò àwọ̀n náà, calcium ló sì dà bí okùn tó so àwọ̀n pọ̀. Tí iná bá le jù, àwọ̀n yẹn á sún kì, á fún ọ̀rá inú rẹ̀ jáde bí ìgbà tí èèyàn fún kànìnkàn. Rọ́bà tí ẹ rí nísàlẹ̀, àwọ̀n yẹn ni. Òróró tí ẹ rí lókè, ọ̀rá rẹ̀ ni.

Ohun méjì ló ń dáàbò bo ìkòkò. Èkíní ni ohun kíkan, ì báà jẹ́ wáìnì funfun tàbí omi lẹ́mọ́ọ̀nù, nítorí ó máa ń gba calcium mọ́ àwọ̀n lọ́wọ́, okùn á dẹ̀, wàràkàṣì á sì yọ́ geere. Èkejì ni sítáàṣì àgbàdo, èyí tí wọ́n kọ cornflour sí lára páálí rẹ̀ níbi tí ẹ wà. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ETH ní Zurich gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí fondue. Wọ́n rí i pé bí sítáàṣì bá tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò, kò ní yà. Púpọ̀ nínú wa ti ń fi ṣíbí kan ṣoṣo ṣe é, a sì ń gbàdúrà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tèmi, ọkàn mi balẹ̀.

Lórí wàrà tiwa, ẹ má fi í ṣe fondue. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, mo sì mọ bí wàrà Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń rí lẹ́nu tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde nínú epo gbígbóná. Àmọ́ nǹkan tó jẹ́ kó ṣe é dín láìtú ni kì í jẹ́ kó yọ́. Oje ewé bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú un dì, wọ́n á sì sè é lórí iná títí yóò fi le. Kò sí ohun kíkan tó tú okùn calcium rẹ̀. Ẹ gbé e sínú ìkòkò fondue títí di ọ̀la, bó ṣe wà náà ni yóò wà. Ẹ dín in lọ́tọ̀, kí ẹ gbé e síwájú àlejò kí fondue tó jáde. Inú wọn á dùn sí i.

Ìkòkò méjì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni mẹ́fà tó ń fi fọ́ọ̀kì bọ inú ìkòkò kan náà, òun gan-an ni fondue. Tí ẹ bá gbé ìkòkò Mùsùlùmí kalẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ti pín àlejò yín sí méjì kí wọ́n tó jókòó. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní iná á gbé ọtí inú wáìnì lọ. Kì í gbé gbogbo rẹ̀ lọ, kò sì yẹ ká fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tan ẹni tó fọkàn tán wa jẹun.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kì í sì í ṣe ọgbọ́n àdábọwọ́. Òótọ́ ni pé wáìnì ti pẹ́ nínú oúnjẹ yìí: ìwé ìdáná kan tí wọ́n kọ ní Zurich lọ́dún 1699 ti sọ bí wọ́n ṣe ń fi wáìnì se wàràkàṣì. Ṣùgbọ́n níbí ní Fribourg, fondue kan wà tó jẹ́ pé omi lásán ni àwọn àgbà fi ń ṣe é. Wàràkàṣì tí wọ́n ń pè ní Vacherin Fribourgeois nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Ó rọ̀, ó sì ń yọ́ lórí iná tó kéré débi pé èèyàn lè ki ìka bọ̀ ọ́. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní moitié-moitié, ìyẹn ìdajì Gruyère (wàràkàṣì kan tó le ju Vacherin lọ), ìdajì Vacherin. Wáìnì ni wọ́n máa ń fi ṣe ìyẹn, àmọ́ omi ewé àti lẹ́mọ́ọ̀nù yóò ṣe é fún yín dáadáa. Òun ni kí ẹ ṣe.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta wàràkàṣì, ẹ pe orúkọ rẹ̀ pé: Vacherin Fribourgeois. Vacherin Mont-d’Or yàtọ̀, inú àpótí pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tà á sí, ó sì rọ̀ bí òrí. Kì í ṣe òun. Bí ẹ ò bá rí Vacherin, Fontina ilẹ̀ Ítálì lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti rin sínú àpò náílọ́ọ̀nù tẹ́lẹ̀, torí wọ́n máa ń da ìyẹ̀fun sí i kó má baà lẹ̀ mọ́ra, ìwọ̀n sítáàṣì yín á sì dàrú. Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ bi àwọn àlejò yín kí ẹ tó ná owó: ohun tí wọ́n ń rí nínú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń mú wàrà dì tí wọ́n bá ń ṣe Gruyère. Àwọn Mùsùlùmí kan kò kà á sí, àwọn kan kì í jẹ ẹ́. Ìpè kan lórí fóònù á yanjú rẹ̀.

Fún ẹni mẹ́fà, ẹ ra Gruyère gíráàmù 500 àti Vacherin gíráàmù 500. Ẹ rin Gruyère lójú ńlá bí ẹ ṣe ń rin ilá, kí ẹ wá da sítáàṣì gíráàmù 45 lé e, kí ẹ fọwọ́ pò ó títí kò fi ní sí ibi tí kò kàn. Vacherin rọ̀ jù fún rírin, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ yọ méjèèjì kúrò nínú fìríìjì ní bíi wákàtí kan ṣáájú. Wàràkàṣì tútù máa ń jẹ́ kí èèyàn yí iná sókè, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó kan ewé, níbi tí ẹ ti ná ara yín ní ìnáwó òfo. Ọ̀nà méjì ni ewé pín sí. Àwọn tó nígi lára, bíi táìmù àti rosemary, òórùn wọn fara pamọ́, omi gbígbóná ló ń fà á jáde. Àwọn tó rọ̀, bíi parsley àti chives, òórùn wọn wà lójú, iná sì máa ń gbé e sá lọ. Tí ewé tútù bá pẹ́ nínú ohun gbígbóná tó tún kan, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á dúdú. Ìdí nìyẹn tí parsley yín fi rí bó ṣe rí. Ẹ ò gbọdọ̀ dà wọ́n síbẹ̀ nígbà kan náà.

Ẹ gbé omi mílílítà 450 kaná, kí ẹ fi ọ̀pá táìmù mẹ́rin, rosemary kékeré kan àti ewé bay kan sí i. Ẹ dé e, kí ó hó wẹ́wẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá sẹ́ ẹ. Ohun tó kù, bíi mílílítà 400, ni yóò gba ipò wáìnì. Ẹ fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí ìjẹun méjì sí i. Bí ẹ bá rí ẹfinrin ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, ewé mẹ́ta péré lè gba ipò táìmù. Thymol, èròjà tó ń mú táìmù ta sánsán, wà nínú ẹfinrin wa náà. Àmọ́ ẹ má kọjá mẹ́ta o, nítorí ó lágbára, ó sì lè sọ fondue di àgbo.

Ẹ gé ááyù sí méjì, kí ẹ fi ojú rẹ̀ ra inú ìkòkò. Ìkòkò tó nípọn ni kí ẹ lò, ti amọ̀ tàbí ti irin wíwúwo. Ẹ da omi ewé sí i, kí ó gbóná títí èéfín yóò fi máa rú. Ẹ wá máa da Gruyère sí i ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kúnwọ́ kan yọ́ tán kí òmíràn tó wọlé, kí ẹ máa fi ṣíbí onígi rò ó bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8, kí ṣíbí lè kan gbogbo ìdí ìkòkò. Tí gbogbo rẹ̀ bá wọlé tán, ẹ jẹ́ kí ó yọ ìfófòó kékeré kan tàbí méjì lójú, kí sítáàṣì lè jinná. Ẹ rẹ iná sílẹ̀ pátápátá lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ da Vacherin sí i. Láti ìgbà yẹn lọ, kò gbọdọ̀ hó mọ́. Ẹ gbé ṣíbí sókè kí ẹ wò ó: ó yẹ kó máa já bọ́ bí ẹ̀kọ mímu tó ki, kó dán, kó má fà bí ewédú. Ata funfun díẹ̀ àti nutmeg díẹ̀ ló kù. Iyọ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, wàràkàṣì ti gbé tirẹ̀ wá.

Tí ẹ bá ti ń gbé e lọ sórí tábìlì ni kí ẹ tó da parsley àti chives sí i, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tí ẹ ti gé lúbúlúbú. Kí ẹ ti fi aṣọ nù wọ́n gbẹ kí ẹ tó gé wọn. Ewé á tutù yọ̀yọ̀ lójú gbogbo ènìyàn, òórùn rẹ̀ á sì jáde níwájú wọn.

Bí ẹ bá rí i pé ó ti ń dà bí èyí tó ní kókó, tí òróró ń yọ létí ìkòkò, ẹ gbé e kúrò lórí iná kíá. Ẹ po sítáàṣì ṣíbí kékeré kan mọ́ omi lẹ́mọ́ọ̀nù tútù, kí ẹ dà á sí i, kí ẹ fi ohun ìpo-ẹyin lù ú kíkan kíkan lórí iná tó kéré jù lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò padà. Tó bá ti di rọ́bà, kò ní padà mọ́.

Búrẹ́dì àná tó ní èèpo líle ni kí ẹ gé, kí gígé kọ̀ọ̀kan ní èèpo tirẹ̀. Inú búrẹ́dì ni kí fọ́ọ̀kì ti wọlé kó tó gún èèpo. Búrẹ́dì Agége rọ̀ jù, yóò jábọ́ sínú ìkòkò. Ẹ se pòtétò kéékèèké sí i fún ẹni tó bá fẹ́. Iná sítóòfù orí tábìlì kò gbọdọ̀ ju ohun tí yóò mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ, kí ẹni tó bá kàn sì máa fi búrẹ́dì rò ó débi ìdí. Bí ó bá jẹ́ sítóòfù onísípírítì ni, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bu sípírítì kún un láé nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀ tàbí tó ṣì gbóná. Ó ti jó ọ̀pọ̀ èèyàn.

Tíì gbígbóná tí kò ní mílíìkì ni kí ẹ gbé fún wọn mu. Àwọn ará ibí gbà gbọ́ pé omi tútù máa ń mú wàràkàṣì ṣù nínú ikùn. Lọ́dún 2010, àwọn dókítà ní Zurich fún ogún ènìyàn ní fondue, wọ́n ní kí wọ́n fi wáìnì tàbí tíì sìn ín. Oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn tí wọ́n bá mu wáìnì, àmọ́ inú rírun kò yàtọ̀ síra. Tíì ò ní fi àlejò yín kankan sílẹ̀ lẹ́yìn.

Tó bá ku díẹ̀ kó tán, ẹ má kánjú gbé ìkòkò kúrò. Èèpo pupa kan á ti dì mọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹ̀ẹ́pá ìdí ìkòkò ìrẹsì. La religieuse ni wọ́n ń pè é níbí, òun ni wọ́n sì ń jà sí jù. Ẹ pa iná, kí ẹ fi ọ̀bẹ há a kúrò nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ gé e sí mẹ́fà.