Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá àgbà di ilé àlejò: ibo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Iṣẹ́ ìṣètò inú ilé ni mò ń kọ́, ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà. Iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n fún wa ni pé kí á mú ilé àtijọ́ kan, kí á sọ ọ́ di ilé àlejò oníyàrá mẹ́fà, kí gbọ̀ngàn àdúgbò tó gba ọgọ́ta ènìyàn wà níbẹ̀, kí ẹbí tó ni ilé ṣì máa gbé inú rẹ̀. Ilé bàbá àgbà wa ní Abẹ́òkúta ni mo mú: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ògiri amọ̀, àjà onígi, yàrá mẹ́wàá lókè, mẹ́wàá nísàlẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, àtẹ̀gùn lẹ́yìn pátápátá, àti àgbàlá mítà 12 sí mítà 10. Yàrá kọ̀ọ̀kan tó mítà 3 sí 3.6. Olùkọ́ mi wo àwòrán mi, ó ní, "Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́." Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú akitiyan. Nínú àwòrán rẹ, àlejò gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn ní mítà 17 kọjá níwájú yàrá àwọn ìyá àti ilé ìdáná wọn kí ó tó dé ìdí àtẹ̀gùn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó dọ̀tí ń gba ibẹ̀ bọ̀, oúnjẹ ń gba ibẹ̀ lọ, àwọn tó wá ṣe ìpàdé àdúgbò náà ń gba ibẹ̀. Ohun tí olùkọ́ rẹ rí nìyẹn. Àga dára, ọ̀dà dára, iná dára. Ọ̀nà ni kò sí. Bí ọ̀nà bá ti tọ́, ó kéré tán ìdajì iṣẹ́ náà ti parí.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, torí ilé amọ̀ kì í gún régé. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o wá wọn ọ́n láti igun dé igun lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá mítà 3 sí 3.6 yẹ kí ó fún ọ ní mítà 4.69 lọ́nà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá fi ju mílímítà 20 gùn ju èkejì lọ, yàrá náà ti wọ́, táìsì oní-60 sẹ̀ǹtímítà tí o fẹ́ tò sílẹ̀ yóò sì máa tín-ín-rín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹnu ọ̀bẹ. Wọn bí ògiri ṣe nípọn ní ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé. O ya gbogbo ògiri ní mílímítà 225, ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án. Ògiri amọ̀ irú ilé yẹn lè tó 400. Ògiri mẹ́rin ló wà láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ilé dé òsì. Bí o bá fi 175 dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù, o ti rí mílímítà 700 tí kò sí níbẹ̀ rárá, orí rẹ̀ lo sì to wọ́dúróòbù sí.

Ó wá kan ọ̀nà. Ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́ta ni yóò lo ilé yìí: ẹbí, àlejò, ará àdúgbò. Níwọ̀n ìgbà tí àtẹ̀gùn ti wà lẹ́yìn, fi iwájú sílẹ̀ fún ẹbí, torí ilé wọn ni, ẹnu ọ̀nà bàbá wọn ni. Kí àlejò gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ́ sẹ́yìn, sí ìdí àtẹ̀gùn gan-an. Kí ará àdúgbò ní géètì tiwọn sí àgbàlá. Fi ilẹ̀kùn kan dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ lẹ́yìn yàrá kẹta. Kí ó máa wà ní títì, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ irú èyí tí a lè fọwọ́ tì ṣí láìlo kọ́kọ́rọ́ bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Kí o tó kọ orúkọ sí yàrá kankan, bi àwọn àgbà ilé léèrè ibi tí ibojì wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, inú ilé ni wọ́n sin baba sí, nígbà mìíràn lábẹ́ ilẹ̀ pálọ̀. Fi ibẹ̀ hàn lórí àwòrán. Má gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé e lórí, nísàlẹ̀ tàbí lókè, má sì gbẹ́ kòtò páìpù gba ibẹ̀. Béèrè bákan náà ibi tí ẹbí ti máa ń jókòó ṣèpàdé. Bí o bá sọ ibẹ̀ di yàrá ìgbàlejò láìbéèrè, iṣẹ́ náà ti kú lójú àwọn tó ni ín, àní bó gba máàkì tó ga jù.

Wàyí o, òkè. Pe ìlà yàrá láti iwájú lọ sẹ́yìn ní 1 sí 5, ní ọ̀tún àti ní òsì. O ki balùwẹ̀ bọ inú yàrá àlejò kọ̀ọ̀kan. Yàrá mítà 3 sí 3.6 kò lè gbé bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6 pẹ̀lú balùwẹ̀. Fi yàrá ìlà 2 ṣe balùwẹ̀ méjì dípò bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi ògiri tín-ín-rín oní-100 mílímítà là á láàárín, ìkọ̀ọ̀kan yóò ní fífẹ̀ mítà 1.45 àti gígùn mítà 3.6: ọ̀kan fún yàrá 1, èkejì fún yàrá 3. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, o ti ní yàrá àlejò mẹ́rin. Ní òsì, ìdajì yàrá 4 di balùwẹ̀ yàrá 5, ìdajì kejì di ibi ìkó ìgbálẹ̀ àti báàkẹ́ẹ̀tì sí. Ìkarùn-ún nìyẹn. Ní ọ̀tún, yàrá 4 di ibi ìkó aṣọ bẹ́ẹ̀dì, yàrá 5 tó sún mọ́ orí àtẹ̀gùn di ibi tí àlejò ti lè jókòó.

Yàrá kẹfà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, torí kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè níbẹ̀, àlejò tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kò sì lè gun àtẹ̀gùn. Mú yàrá 5 òsì fún un, kí gbogbo yàrá 4 òsì jẹ́ balùwẹ̀ rẹ̀: kẹ̀kẹ́ nílò òbìrípo mítà 1.5 láti yí, ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní mílímítà 900, àti ìdagẹ̀rẹ̀ 1:12 (gíga kan fún gígùn méjìlá) níbi tí ẹnu ọ̀nà bá ti ga. Bí ìlóro bá fi mílímítà 300 ga ju ilẹ̀ lọ, ìdagẹ̀rẹ̀ náà yóò gùn ní mítà 3.6, yà á sórí àwòrán, má kàn kọ orúkọ rẹ̀. Yàrá 5 ọ̀tún ìsàlẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, yàrá 4 ọ̀tún ni ibi ìfọṣọ. Ẹbí ní ìlà 1 dé 3, kí o fi ìlà 2 tiwọn ṣe balùwẹ̀ àti ilé ìdáná.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìlà 2 àti ìlà 4 ni pé ibi tí a ti ń lo omi lókè á bọ́ sórí ibi tí a ti ń lò ó nísàlẹ̀. Páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ oní-ínṣì mẹ́rin nílò ìdagẹ̀rẹ̀ mílímítà 25 fún mítà kan. Bí ó bá rìn mítà 4 lábẹ́ ilẹ̀ òkè, ó ti lọ sísàlẹ̀ ní 100, kò sì sí àyè bẹ́ẹ̀ láàárín igi àjà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà yóò gé igi àjà láti fi páìpù kọjá, ilẹ̀ yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Nítorí náà, gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sún mọ́ ògiri ìta, kí páìpù bọ́ síta kíákíá, kí orí rẹ̀ yọ kọjá òrùlé kí òórùn lè jáde.

Balùwẹ̀ lórí àjà onígi léwu fúnra rẹ̀. Má fi búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́fà pín in. Ògiri mítà 3.6 tó ga ní 2.8 yóò gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ, lórí igi tí wọ́n tò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ronú balùwẹ̀. Férémù igi àti pátákó sìmẹ́ńtì ni kí o lò. Nílẹ̀, tẹ́ pátákó mílímítà 18 tí omi kì í tètè bàjẹ́, kí o da ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀ lé e lórí, kí ó gun ògiri ní 150 yíká, kí ó sì gùn ún dé 1,800 níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń tú. Táìsì tí kì í yọ̀ ló kàn. Ògiri àárín yẹn yóò bọ́ sójú fèrèsé. Bí fèrèsé náà bá jẹ́ onílẹ̀kùn pákó méjì, jẹ́ kí orí ògiri gúnlẹ̀ sí òpó àárín rẹ̀, kí balùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn fèrèsé kan. Ojú ihò ilẹ̀kùn tuntun láti yàrá sí balùwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ igun ògiri tó mítà kan. Àtẹ́rígbà rẹ̀ yóò jókòó lé amọ̀ ní mílímítà 300 lọ́tùn-ún lósì.

Ògiri náà ńkọ́? O kọ ọ́ pé sìmẹ́ńtì ni wọn yóò fi rẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró kùn ún. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, ó sì máa ń mí i jáde. Sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà yẹn dí i pa. Omi kó sẹ́yìn, ìrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan ó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí a fi òkúta sísun ṣe) kan sí yanrìn mẹ́ta ni kí o kọ sílẹ̀, tàbí amọ̀ fúnra rẹ̀, kí o sì fi omi láìmù kùn ún. Ẹ̀rọ amúlétutù náà ń sun omi: bí páìpù kékeré rẹ̀ bá ń kán sára ògiri, ibẹ̀ ni yóò ti jẹ ihò. Fà á dé gọ́tà.

Bí ojú fèrèsé ilé náà bá ní òdòdó àti orí tó tẹ̀ bí òṣùmàrè tí àwọn ọ̀mọ̀lé Àgùdà mú ti Brasil dé, tún un ṣe, má ṣe wó o. Ilojo Bar ní Tinubu, l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, di ohun ìrántí ìjọba ní 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Iṣẹ́ bí èyí tí o ń ṣe yìí ló ń fi han àwọn ẹbí pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì lè pa owó wọlé láìwó o.

Omi: àlejò 12, ní lítà 120 lójúmọ́ fún ẹnì kan, jẹ́ lítà 1,440. Fi ti ẹbí àti ilé ìdáná kún un, táǹkì lítà 2,000 méjì ni. Omi inú ọ̀kan nìkan wúwo ní tọ́ọ̀nù méjì. Kò gbọ́dọ̀ wà lórí ilé. Kí ó ní òpó tirẹ̀ níta.

Gbọ̀ngàn ni o fi ògiri mẹ́ta ìsàlẹ̀ wíwó ṣe. Ògiri wọ̀nyẹn ló gbé òkè dúró. Gbé gbọ̀ngàn lọ sí àgbàlá, lábẹ́ òrùlé fẹ́ẹ́rẹ́. Àga títò ní ìlà gba nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 0.8 fún ẹnì kan pẹ̀lú ọ̀nà, ọgọ́ta ènìyàn jẹ́ 48, ìyẹn mítà 6 sí 8. Bí wọ́n bá fẹ́ jókòó yí tábìlì ká fún ìsọmọlórúkọ, 1.5 ni, àpapọ̀ 90, nítorí náà jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan ṣí sílẹ̀ sí ìta kí àga lè tàn jáde. Kí ó ní ẹnu ọ̀nà méjì tó ń ṣí síta, tí wọn kò sún mọ́ra. Ilé ìdáná àlejò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó lè ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Igun tó jìnnà jù sí yàrá ìsùn ni jẹnẹrétọ̀.

Nínú yàrá, bẹ́ẹ̀dì tí o rí gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gùn ní mílímítà 2,000. Ti ọjà wa jẹ́ 1,830 sí 1,830. Bí orí rẹ̀ bá kọ sí ògiri 3.6, o ní 770 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mítà kan níhà ilẹ̀kùn, àti nǹkan bíi 1,170 níbi ẹsẹ̀. Tábìlì oní-450 ṣì lè wà níbẹ̀. Wọ́dúróòbù oní-600 kò lè wà. Fi ọ̀pá ìfiaṣọkọ́ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nínú ìfọ̀, ọ̀kan lórí pẹpẹ. Yàrá mẹ́fà, sẹ́ẹ̀tì 18.

Àdìrẹ Ìtòkú tí o yàn dùn mọ́ mi, àmọ́ kì í ṣe fún bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì: aró máa ń ṣí, ó ń kó àwọ̀ bá aṣọ funfun. Fọ ẹ̀já kan pẹ̀lú aṣọ funfun lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó àfihàn rẹ. Fún kọ́tìnì, fi aṣọ mìíràn tì í lẹ́yìn kí oòrùn má baà pa á. Fèrèsé mítà 1.2 nílò aṣọ tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, 2.4; aṣọ fífẹ̀ ínṣì 45 jẹ́ mítà 1.14, méjì sì fún ọ ní 2.28. Méjì tó. Má ra ìkẹta nítorí sẹ̀ǹtímítà 12.

Ìwé tí o máa gbé kalẹ̀: ilé bí ó ṣe wà àti bí yóò ṣe rí, ní 1:50 (sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún 50 lára ilé), ilé bí ẹni pé a gé e gba inú balùwẹ̀ àti àtẹ̀gùn, 1:50, yàrá àlejò kan ní 1:20, ibi tí ilẹ̀ balùwẹ̀ ti pàdé ògiri ní 1:5. Àwòrán aláràbarà kẹ́yìn, ẹyọ méjì tó. Lẹ́yìn náà, tẹ́ àwòrán ìsàlẹ̀ ilé kan síwájú, fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan fún ìsọ̀rí ènìyàn kọ̀ọ̀kan, fa ọ̀nà wọ̀nyí: àlejò tó dé pẹ̀lú àpótí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí iná ti lọ, aṣọ bẹ́ẹ̀dì dídọ̀tí láti yàrá 1 òkè dé ibi ìfọṣọ, abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná láti ilé ìdáná dé òkè, ìyá àgbà tó fẹ́ lọ ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, ọgọ́ta ènìyàn tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí àwọ̀ méjì bá ti pàdé lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1.5, ibẹ̀ ni kí o ti tún àwòrán yà.