Sí ìyá tí ó kọ̀wé láti Kétu ní ilẹ̀ Benin nípa ọmọ rẹ̀ tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀

Ẹ kú wàhálà ọmọ, ìyá wa. Ẹ ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ pé kí ọmọ yín tí ó wà ní CE1, kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, dúró sílé títí ẹ ó fi rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ fi òfin dójú kọ ọ́ tàbí kí ẹ mú ọmọ kúrò. Ọmọbìnrin tèmi ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó sì ti la kíláàsì wọ̀nyẹn kọjá; lójú tèmi, kò tíì yẹ kí ẹ ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Òfin wà lóòótọ́. Òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀kọ́ sì wà lára ẹ̀tọ́ náà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ fún olùkọ́ tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ fọ́fọ́ ohun tí yóò ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọ́. Bí ẹ bá kàn ní kí ó ran ọmọ lọ́wọ́, yóò ní òun ti gbọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí.

Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ọmọ jókòó níwájú, kí etí tí ó sàn jù kọjú sí olùkọ́, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé tí ariwo zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà, ń gbà wọlé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó má máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá kọ ẹ̀yìn sí wọn tí ó ń kọ nǹkan sójú pátákó. Nígbà dictée, tí olùkọ́ ń pe ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó dúró sí ojú kan tí ọmọ yóò ti máa rí ẹnu rẹ̀, dípò kí ó máa rìn láàárín tábìlì. Ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un pẹ̀lú, nítorí ohun tí ó ń mú kí àwọn olùkọ́ rò pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń díbọ́n ni pé ó ń gbọ́ lónìí, kò sì gbọ́ lọ́la. Bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá jìnnà, tàbí tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, ọ̀rọ̀ yóò rì sínú ariwo, ẹ̀rọ etí pàápàá ń gbé ariwo sókè pọ̀ mọ́ ohùn. Àwọn ìró tín-ín-rín bíi «s» àti «f» ni irú etí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pàdánù, nítorí náà ọmọ lè mọ ẹ̀kọ́ náà dunjú, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ Faransé láìpé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, ẹ kọ ohun kan náà sínú lẹ́tà Faransé olójú-ìwé kan fún ọ̀gá náà. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹni tí ń fi ẹnu lé ọmọ sílé máa ń ṣọ́ra nígbà tí ìwé bá wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má sì dá lọ. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ìyá bá dá lọ ní agbègbè wa, àdúrà ni wọn yóò ní kí ó lọ gbà. Bí ọ̀gá náà bá ṣì kọ̀, ẹ mú ẹ̀dà yín lọ sí ọ́fíìsì alábòójútó ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ ti kómúnù yín, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní CPS. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dárúkọ òfin.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití, kì í ṣe ìtìjú rárá. Ọmọ tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ pàápàá nílò èdè àfọwọ́sọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti rí i kọ́. Àmọ́ dókítà etí ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò, kì í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kí èsì náà tó jáde, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa lọ sí kíláàsì rẹ̀, nítorí bí ó bá pẹ́ nílé, Faransé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, èdè yẹn náà ni wọn yóò sì fi dán an wò nígbà tí ó bá dé CEP, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.