Guerrilla kì í ṣe ìnàkí: báwo ni ká ṣe là á yé ọmọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin òbí. Gorilla lọmọ mi ọlọ́dún 12 kọ síbi tó yẹ kó kọ guerrilla nínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ó ní bákan náà ni olùkọ́ ń pè wọ́n. Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, kí n lè là á yé e? (Ìyá Ṣọlá, Manchester)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Ṣọlá. Etí ọmọ yín ò parọ́, bákan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè wọ́n. Orísun wọn ló yàtọ̀.

Ẹ kọ guerrilla sórí ìwé, kí ẹ gé e sí guerr àti illa. Guerra ni ogun lédè Sípéènì. -Illa ni wọ́n ń so mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ tí nǹkan bá kéré. Iwájú làwa ń fi tiwa sí, bíi ọmọ ọlọ. Ogun kékeré ni guerrilla, àmọ́ kékeré yẹn ò ní kó má pààyàn o. Lọ́dún 1808 ni Napoleon, olú ọba Faransé, gbógun wọ Sípéènì. Àwọn ọmọ ogun ìlú ò ká a ní gbangba, làwọn ará oko bá ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀: wọ́n á lúgọ, wọ́n á kọlu àwọn tó ń gbé oúnjẹ àti lẹ́tà fún àwọn Faransé, wọ́n á sì wọ inú òkè lọ. Ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn ni Juan Martín Díez, El Empecinado. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀gágun wọn, Wellington, ló mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Wọ́n wá ń pe jagunjagun tó ń ja irú ogun yìí náà ní guerrilla, bẹ́ẹ̀ guerrillero ni àwọn ará Sípéènì ń pè é.

Lẹ́tà u ló sábà máa ń bọ́ sọnù. Kì í dún, òun ló jẹ́ kí g dún bíi ti gèlè; láìsí i, ge ti Sípéènì á fẹ́ẹ̀ dún bíi “he”. R méjì wá látinú guerra. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè kan gba r kan, ṣùgbọ́n méjì ni kí ẹ kọ́ ọ, torí ó ń tọ́ka sí ogun.

Gorilla ní tirẹ̀ wá látinú ìwé Gíríìkì àtijọ́ lórí ìrìn àjò ojú omi Hanno, ará Carthage, ìlú àtijọ́ kan ní àríwá Áfíríkà. Lọ́dún 1847 ni Thomas Savage, dókítà àti míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, fi sọ ẹranko náà lórúkọ.

Ẹ wá fún un ní flotilla àti vanilla kó gé wọn fúnra rẹ̀. Flota ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Vaina ni àkọ̀, torí èso vanilla rí bí àkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá fẹ́ gé gorilla náà, ẹ bi í pé kí ni “gor” jẹ́ lédè Sípéènì.