Òǹgbẹ ń pa ọ́kíìdì yín nínú omi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá olódòdó. Ajárá níbí ni mò ń gbé. Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, ọmọ mi obìnrin fi òdòdó ọ́kíìdì kan ta mí lọ́rẹ. Nígbà tó yá, nǹkan funfun bí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìdí ewé rẹ̀, èèrà sì ń gùn ún. Ọkùnrin kan tó ń kiri oògùn kòkòrò ta ìgò kan tí kò ní orúkọ lára fún mi, mo fọ́n ọn sí i lẹ́ẹ̀mẹta nínú ilé. Kòkòrò lọ, àmọ́ ewé rẹ̀ hunjọ, ó rọ jọwọrọ. Mo wá yọ ọ́ kúrò nínú èèpo igi tí wọ́n fi gbìn ín, mo gbìn ín sínú ilẹ̀ dúdú tó dára, mo po ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ọn, mo sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Síbẹ̀ kò yí padà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ wo ni mo lè rà fún un kó lè lágbára? Mo fi fọ́tò ewé rẹ̀ ránṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú orí ire ọgọ́ta ọdún, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé agolo omi yẹn sílẹ̀ ná. Kò sí oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọ́kíìdì. Bó bá tilẹ̀ wà, ẹnu tí tiyín yóò fi mu ún ni kò sí mọ́.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, àwọn tó ti bi mí ní ìbéèrè yìí lé ní mẹ́wàá, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó wá. Kòkòrò jẹ òdòdó, wọ́n pa kòkòrò, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ tọ́jú òdòdó. Ìtọ́jú yẹn ló ń pa á. Kòkòrò ti dá a lágara lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú yín, ìgbẹ́ adìẹ yín àti omi àárọ̀ òun alẹ́ ló fẹ́ sin ín.

Ẹ rí i pé ewé hunjọ, ẹ ní òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ jàre níbẹ̀. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ibi tí òǹgbẹ náà ti wá lẹ ṣì mú. Omi wà lábẹ́ rẹ̀ rẹpẹtẹ, gbòǹgbò tó yẹ kó fà á ló ti jẹrà. Bí ẹ ṣe ń bomi sí i ni gbòǹgbò ń jẹrà sí i, bí gbòǹgbò ṣe ń jẹrà ni ewé ń hunjọ, bí ewé bá sì ti hunjọ, ẹ tún sáré gbé omi.

Gbòǹgbò ọ́kíìdì kò rí bíi ti ẹ̀fọ́ tàbí àgbàdo. Fọ́nrán tín-ínrín kan ló wà láàárín rẹ̀, awọ funfun kan tó rí bíi fóòmù ló wá bò ó yíká. Velamen ni àwọn tó kàwé nípa rẹ̀ ń pe awọ náà. Tí òjò bá ta sí i, á mu ún lójú ẹsẹ̀, á sì pàwọ̀ dà di àwọ̀ ewé. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, á gbẹ, á padà funfun bíi fàdákà. Kó mu, kó gbẹ, kó tún mu: bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá rì í mọ́ inú ilẹ̀ tó ń di omi mú tọ̀sán-tòru. Ó dà bí ìgbà téèyàn fi fóòmù tútù dí ẹlòmíì nímú, tó tún ń da omi sí i.

Mo ti ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: "Ilẹ̀ dúdú tó dára mà ni, ọ̀gá." Mo gbà. Ẹ fi gbin tẹ̀tẹ̀.

Irú ọ́kíìdì tó wà nínú fọ́tò yín, Phalaenopsis ló jọ lójú mi. Igbó ìhà Filipíìnì àti Indonéṣíà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, orí ẹ̀ka igi ni wọ́n sì ń gbé níbẹ̀, gbogbo gbòǹgbò wọn ló wà níta gbangba. Àwa náà ní tiwa. Ansellia africana ń hù lórí igi nílẹ̀ Áfíríkà níbí, tó fi mọ́ ara igi ọ̀pẹ. Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó ní tótòtó lára bí awọ ẹkùn. Ọ̀pọ̀ tó bá rí irú rẹ̀ lórí igi á ní àfòmọ́ ni, wọ́n á yọ àdá sí i. Àfòmọ́ kọ́. Àfòmọ́ ń ki ẹnu bọ ara igi, omi ara igi ló ń mu, ẹ bi àwọn tó ń gbin kòkó àti obì léèrè. Ọ́kíìdì kàn jókòó sórí igi lásán ni, bí ẹni tó yá àga. Òjò, ìrì àti ewé jíjẹrà tó bá bọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Ọ́kíìdì ní egbò ní tirẹ̀, egbò yẹn gan-an sì lọ̀rọ̀ wà.

Ìgbẹ́ adìẹ ńkọ́? Ó máa ń jó gbòǹgbò àwọn ohun ọ̀gbìn tó lágbára pàápàá, bí kò bá tíì jẹrà dáadáa. Èyí tó wà lórí àìsàn, tí kò lè gbé omi mì, ẹ ń ki iyán bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ yọ ọ́ lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ fi omi ṣan gbogbo ilẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀, kó mọ́ tónítóní. Ẹ wá mú gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan sáàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá le lábẹ́ ìka wà láàyè, ì báà funfun, ì báà ní àwọ̀ ewé. Èyí tó bá rọ̀ pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, tí awọ rẹ̀ bọ́ sí yín lọ́wọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, tó wá ku fọ́nrán kan bí òwú ìránṣọ, ti kú. Ẹ fi abẹ tẹ́ ẹ ti fi iná sun, tó sì ti tutù, gé e dànù. Ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ wá sí ọgbà mi, gbòǹgbò mẹ́tàlá ni mo kà, méjì péré ló le. Mo gé mọ́kànlá kúrò níṣojú rẹ̀, obìnrin náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè wò ó. Méjì yẹn ló gbé òdòdó náà dìde. Tí igi òdòdó bá ṣì wà lórí tiyín, ẹ gé ìyẹn náà. Kò lágbára ọmọ bíbí báyìí.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà níbi òjìji di ọjọ́ kejì, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi gbìn ín kò wọ́n wa ní Àgbádárìgì: èèpo àgbọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, etí òkun làgbọn wa ti ń hù, iyọ̀ máa ń wà nínú èèpo rẹ̀, iyọ̀ sì máa ń jó orí gbòǹgbò. Ẹ gé e kéékèèké, kó tó orí àtàǹpàkò, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa da omi rẹ̀ nù lójoojúmọ́. Omi àkọ́kọ́ á dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹ ra èédú tí wọ́n fi ń dáná ní Agbálátà, ẹ fọ́ ọ sí ìwọ̀n kan náà, ẹ pò ó mọ́ ọn. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n lu nídìí ló dára. Tó bá jẹ́ oníke, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Bí ẹ bá tọ́ omi kànga yín wò tẹ́ ẹ gbọ́ iyọ̀ lẹ́nu, ẹ má fi rin ín. Omi òjò ni kí ẹ tọ́jú sí garawa.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ sí omi kankan. Lẹ́yìn náà, n kò ní sọ iye ọjọ́ fún yín, torí pé ọjọ́ òjò yàtọ̀ sí ọjọ́ ọyẹ́. Ẹ ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ inú ìkòkò títí dé ìsàlẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ fi kan ẹ̀yìn ọwọ́. Tó bá tutù, ẹ pa dà sílé. Tó bá gbẹ, tí gbòǹgbò sì ti funfun, ẹ bomi sí i láàárọ̀ kó ṣàn jáde nídìí. Bíbomi rin ọ́kíìdì kì í ṣe àdúrà àárọ̀ àti alẹ́. Kí omi má sì dúró sí àárín ewé rẹ̀ lókè. Bó bá bọ́ síbẹ̀, ẹ fi tíṣù fà á gbẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn àárọ̀ ń yà sí ni kó wà, kì í ṣe ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń rà á.

Ní ti kòkòrò, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nǹkan funfun bí òwú yẹn, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní mealybug ni. Ìbátan èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gẹ́ mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ nílẹ̀ Áfíríkà lẹ́yìn 1970 ni, ìyẹn tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, fi agbọ́n kékeré kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣẹ́gun, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sóko ní 1981. Kì í ṣe oògùn olóró. Èyí tó wà lára òdòdó yín, ẹ fi òwú ìrotí bọ inú alcohol tí wọ́n kọ 70% sí lára, ẹ fi kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá ní kọ̀rọ̀ tí ewé ti pàdé àti lẹ́yìn ewé. Ẹ jìnnà sí iná, kí ẹ sì dán an wò lára ewé kan ná. Ọjọ́ méje-méje, ẹ ṣe é nígbà mẹ́rin, bẹ́ ò tilẹ̀ rí ìkankan mọ́, torí ẹyin máa ń ṣẹ́kù. Ẹni tó bá fẹ́ràn dóńgóyárò lè fi epo rẹ̀, ṣíbí tíì kan sí lítà omi kan, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, fọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Èèrà tẹ́ ẹ rí, àwọn ni darandaran wọn: omi dídùn tó ń jáde lára kòkòrò náà ni wọ́n ń lá, wọ́n sì ń dáàbò bò ó. Ẹ gbé ìkòkò náà sórí bíríkì láàárín abọ́ omi, wọn ò ní lè gòkè mọ́.

Ìgò tí wọ́n tà fún yín yẹn, tí kò ní orúkọ lára, mi ò rí i, àmọ́ bó bá ń rùn wọnú imú bí òtapiapia, dichlorvos ló jọ. Ní 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta èyí tó wà nínú ìgò 100ml sísàlẹ̀ ní ọjà àti ṣọ́ọ̀bù mọ́, síbẹ̀ àwọn ẹni burúkú yìí ń rọ ọ́ sínú ìgò omi, wọ́n ń fi kiri. Inú ilé lẹ ti ń fọ́n májèlé! Ẹ gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ yín lè tó. Tí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí ojú yín ń ṣú láti ìgbà yẹn, ọsibítù ni kí ẹ lọ. Dókítà ewé ni mí, n kì í ṣe ti èèyàn.

Kò ní yá. Ó lè tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí orí gbòǹgbò tuntun tó yọ ní àwọ̀ ewé tó ń dán. Ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ̀rọ̀ oúnjẹ: ajílẹ̀ 20-20-20 tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kì í ṣe 15-15-15 oníhóró tí wọ́n ń dà sí ìdí àgbàdo o. Ewé tó ti hunjọ lè má nà mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ó sì lè sàn tán kó má tanná, torí òru tó tutù díẹ̀ ni irú rẹ̀ ń dúró dè, òru etí òkun wa kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó ra Dendrobium, irú ọ́kíìdì mìíràn, nígbà mìíràn, ìyẹn mọ̀ wá.

Bí ẹ bá yọ ọ́ tẹ́ ẹ sì rí i pé kò sí gbòǹgbò kan tó le, ẹ má tíì jù ú nù, ẹ kọ̀wé sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fọ́tò ewé ránṣẹ́ mọ́. Gbòǹgbò ni kí ẹ yà.